Bí Ẹ Ṣe Lè Wá Ibi Tí Wáyà AC Ọkọ̀ Ti Já, Kí Ẹ sì Tún Un So Fúnra Yín

Láti ìgbà tí ooru ti mú, ìbéèrè kan náà ni àwọn èèyàn ń bi mí ṣáá: “Mo ti rọ gáàsì sí AC ọkọ̀ mi, kò sì tutù. Kí ni kí n ṣe?” Bí èmi náà bá wá bi wọ́n pé ṣé wọ́n gbọ́ tí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tí ń ti gáàsì AC yí ká, dún “kà” nígbà tí wọ́n tan AC, ọ̀pọ̀ nínú wọn a ní àwọn kò fetí sí i. Ohùn kékeré yẹn ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wá, nítorí pé bí iná kò bá dé ìdí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, kò sí iye gáàsì tí a lè rọ tí afẹ́fẹ́ tútù yóò fi jáde. Owó gáàsì ni a kàn ń san lásán.

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tí ó fẹ́ fúnra rẹ̀ tọpa iná AC láti orí bátìrì títí dé ìdí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, kí ó mọ ibi tí iná ti já, kí ó sì tún wáyà ibẹ̀ so bí ó ti yẹ. Ó bá ọkọ̀ oníbátìrì fóòtì 12 mu, èyí tí púlì àti bẹ́líìtì ń yí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ rẹ̀, tí ó sì ní kílọ́ọ̀ṣì (àwo irin tí ń so ó mọ́ púlì nígbà tí AC bá gbà) níwájú, bí ọ̀pọ̀ jù lọ ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí ó wà lójú títì wa. Ẹni tí ó ń wa ọkọ̀ hybrid, èyí tí ó ń lo ẹ́ńjìnnì àti mọ́tò oníná pọ̀, kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, iná tó le gan-an láti inú bátìrì ńlá ni ó ń yí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ AC, wáyà aláwọ̀ ọsàn ni ó sì ń gbé e. Iná yẹn ń pa èèyàn.

Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún kí ẹ tó fọwọ́ kan wáyà

- Fáànù rédíétọ̀ lè dédé yí nígbà tí ẹ ti pa ẹ́ńjìnnì pàápàá. Ẹ má ṣe ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ẹ ká apá aṣọ sókè, kí ẹ sì bọ́ òrùka, aago àti ẹ̀gbà ọwọ́ sílẹ̀. Òrùka tí ó bá kan orí bátìrì àti irin ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà yóò pọ́n bí ẹyin iná kí ẹ tó fa ọwọ́ padà.
- Wáyà aláwọ̀ ìyeyè tí ẹ bá rí lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù tàbí nídìí síárìn-ín, ti airbag (àpò tí ń wú jáde bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan) ni ó sábà máa ń jẹ́. Ẹ má ṣe gé e, ẹ má ṣe gbé mítà sí i.
- Ẹ má ṣe tú páìpù AC kankan. Gáàsì tí ó bá bú jáde lè mú kí awọ ara dì bí yìnyín, ó sì lè fọ́ ojú. Iṣẹ́ wáyà ni tiwa, kò kan páìpù rárá.
- Ẹ má ṣe fi fíúsì tí ó tóbi ju èyí tí wọ́n kọ síbẹ̀ rọ́pò èyí tí ó jó, ẹ má sì ṣe fi wáyà tàbí bébà inú páálí sìgá dí ojú rẹ̀. Fíúsì ni ó ń kú kí ọkọ̀ má baà jóná. Bí ẹ bá sọ ọ́ di irin lásán, wáyà ni yóò jó dípò rẹ̀, ẹ̀yin ni ẹ ó sì wà nínú ọkọ̀ náà.
- Níbikíbi tí ẹ bá ti fẹ́ gé wáyà tàbí so ó, ẹ kọ́kọ́ tú orí bátìrì nẹ́gétíìfù. Òun ni ẹ ó tú ṣáájú, òun náà ni ẹ ó dè kẹ́yìn.

Irinṣẹ́ tí ẹ nílò

- Mítà onínọ́ńbà tí ó lè wọn fóòtì àti óòmù.
- Gílóòbù iná iwájú ọkọ̀, oní 55W, tí ó ṣì ń tàn, tí ẹ ti so wáyà gígùn méjì mọ́ ìdí rẹ̀.
- Wáyà ìdánwò kan tí a so fíúsì áńpù 10 sí àárín rẹ̀.
- Wáyà ọkọ̀ tuntun: 1.5 mm² tó fún kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, 4 mm² fún fáànù inú ọkọ̀.
- Irin ìjó lẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú lẹ́ẹ̀dì, rọ́bà tí ń fún mọ́ wáyà bí iná bá yá a, táì oníke, sándípépà, àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tí ẹ kò lò mọ́.

Ọ̀rọ̀ wáyà yìí gba àfiyèsí. Ẹ má ṣe ra wáyà ilé olókùn kan ṣoṣo tí ó nípọn. Ẹ́ńjìnnì ń gbọ̀n lọ́jọ́ gbogbo, irú wáyà bẹ́ẹ̀ kò sì lè tẹ̀ kí ó padà, ṣe ni yóò kán. Èyí tí ó ní okùn tínínrín púpọ̀ nínú ni ẹ ó béèrè. Kí ẹ tó sanwó, yálà ní Ládipọ̀ ni o tàbí ní Gate ní Ìbàdàn, ẹ ní kí wọ́n bó etí rẹ̀ díẹ̀, kí ẹ fi ọ̀bẹ ha okùn kan. Bí inú rẹ̀ bá funfun lábẹ́ àwọ̀ pupa, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà kùn ni. Kò lè gbé iná tó bàbà gidi, kì í sì í gba lẹ́ẹ̀dì dáadáa.

Ọ̀nà méjì tí iná ń gbà

Ọ̀nà kìíní ni ti iná ńlá. Ó kúrò ní bátìrì, ó gba inú fíúsì, ó gba inú rílè (síwíìṣì tí iná kékeré ń tàn tí ó sì ń pa), ó bá wáyà lọ sí kọ́ìlì (wáyà tí a ká jọ, tí ó ń fa kílọ́ọ̀ṣì mọ́ra) tí ó wà lẹ́yìn púlì kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, ó sì gba ara irin ẹ́ńjìnnì padà sí bátìrì. Ọ̀nà kejì ni ti àṣẹ. Ẹ tẹ bọ́tìnnì AC, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ wo ipá gáàsì, ó wo bí ẹ̀rọ tó wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ṣe tutù tó, ó wo bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó, bí gbogbo rẹ̀ bá sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó pàṣẹ fún rílè. Orí rílè ni ọ̀nà méjèèjì ti pàdé. Ìdí nìyẹn tí rílè fi jẹ́ ibi tí mo máa ń lọ ní kíá, nítorí pé láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, yóò hàn bóyá iná ni kò wá ni àbí àṣẹ ni kò dé.

Ìgbésẹ̀ ìdánwò, ní ṣíṣẹ̀-n-tẹ̀lé

1. Ẹ tẹ́tí sí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹnì kan jókòó sínú ọkọ̀ kí ó máa tan AC kí ó sì máa pa á, kí fáànù inú ọkọ̀ wà lórí ìpele kejì tàbí ìkẹta. Púlì yóò máa yí ṣáá nítorí bẹ́líìtì, ṣùgbọ́n àwo irin tí ó wà níwájú púlì ni ẹ ó máa wò. Bí AC bá gbà, ẹ ó gbọ́ “kà”, àwo náà yóò sì bá púlì yí. Bí ó bá ń gbá mú tí ó tún ń jáwọ́ ní ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, gáàsì ni ó sábà máa ń dín, ẹ má dá wáyà lẹ́bi. Bí ó bá gbá mú tí ó sì dúró bẹ́ẹ̀, wáyà kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ yè. Ẹ lọ wo abala fáànù nísàlẹ̀. Bí kò bá dún rárá, ẹ máa bá mi bọ̀.

2. Ẹ wọn bátìrì. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti kú fún ìgbà díẹ̀, bátìrì tí ó kún yóò fi nǹkan bí fóòtì 12.6 hàn, bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, kí ó wà láàárín 13.8 sí 14.4. Bí ó bá kéré sí 12.2 nígbà tí ẹ́ńjìnnì kú, ẹ fún bátìrì ní iná kí ẹ tó máa bá iṣẹ́ lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbogbo nọ́ńbà tí ẹ bá rí lẹ́yìn èyí yóò ṣì yín lọ́nà.

3. Ẹ wo fíúsì AC. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ní àpótí fíúsì méjì, ọ̀kan lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, èkejì lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, àwòrán tó ń fi ipò fíúsì kọ̀ọ̀kan hàn sì sábà máa ń wà lẹ́yìn ọmọrí wọn. Ẹ wo àpótí méjèèjì. Fíúsì áńpù 7.5 a máa ní àwọ̀ igi, 10 pupa, 15 búlúù, 20 ìyeyè, 30 àwọ̀ ewé. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi mítà wọn ọ́. Ẹ má fi ojú lásán wò ó, nítorí fíúsì lè sán ní ibi tí ó tín-ín-rín tí ojú kò ní rí i. Bí ó bá ti jó, ẹ fi irú rẹ̀ gan-an rọ́pò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ó bá tún jó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí ẹ tan AC, ẹ má ṣe fi ìkẹta sí i. Ibì kan wà tí wáyà ti ń kan irin, tàbí kọ́ìlì ti jó sínú. Ẹ kọjá sí ìgbésẹ̀ kẹfà.

4. Ẹ pààrọ̀ rílè fún ìgbà díẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, rílè AC àti ti họ́ọ̀nù jọ ara wọn. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ara méjèèjì, bí ó bá jẹ́ ọ̀kan náà délẹ̀délẹ̀, ẹ fi ti họ́ọ̀nù sí ipò ti AC. Bí AC bá gbà, ẹ ra rílè, iṣẹ́ parí nìyẹn.

5. Ẹ fi wáyà ìdánwò so ihò rílè méjì pọ̀. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ yọ rílè, kí ẹ wo nọ́ńbà tí ó wà nídìí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ 85 àti 86 ni ti àṣẹ. 30 ni iná ti ń wọlé láti bátìrì, 87 ni ó ti ń jáde lọ sí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀. Àwọn rílè Toyota a máa kọ 1 àti 2 fún àṣẹ, 3 àti 5 fún iná ńlá. Ẹ gbé ẹnu pupa mítà sí ihò 30, kí ẹnu dúdú kan orí nẹ́gétíìfù bátìrì. Ó yẹ kí ẹ rí fóòtì 12, ẹ̀yin tí ọkọ̀ yín kì í fi iná síbẹ̀ àfi bí kọ́kọ́rọ́ bá wà ní ON, ẹ yí i síbẹ̀ ná. Bí iná bá wà, ẹ fi wáyà ìdánwò onífíúsì so 30 mọ́ 87. Bí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ bá dún “kà”, ọ̀nà iná ńlá dán mọ́rán láti òkè dé ìsàlẹ̀, àṣẹ ni kò dé. Ẹ lọ sí ìgbésẹ̀ keje. Bí kò bá dún, wáyà tàbí kọ́ìlì ni. Ẹ́ńjìnnì kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ bá ń ṣe èyí, kí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ má baà máa yí láìní gáàsì. Inú gáàsì ni òróró tí ń rìn nínú rẹ̀ wà.

6. Ẹ wọn kọ́ìlì. Ẹ yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ìdí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, kí ẹ fi mítà wọn óòmù kọ́ìlì. Láàárín 3 sí 5 ni ó sábà máa ń wà. Bí ó bá jẹ́ 4, ẹ pín 12 sí 4, ẹ ó rí i pé áńpù 3 ni kọ́ìlì náà ń mu, fíúsì áńpù 10 kò sì ní ìdí láti jó. Bí mítà bá fẹ́rẹ̀ẹ́ fi òdo hàn, kọ́ìlì ti jó pọ̀ nínú, òun ni ó ń pa fíúsì. Bí mítà kò bá fi nǹkan kan hàn, kọ́ìlì ti já. Bí sọ́kẹ́ẹ̀tì náà bá jẹ́ oníwáyà kan, ara irin kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ni ẹ ó fi ẹnu mítà kejì kàn. Àwọn kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ kan ní dáódù kékeré (ohun tí ń jẹ́ kí iná gba apá kan ṣoṣo) lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ìlì. Bí dáódù bá jó, fíúsì yóò máa jó bí ẹni pé kọ́ìlì ni, nítorí náà ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó ra kọ́ìlì.

7. Bí àṣẹ kò bá dé. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì àti AC, kí rílè ṣì wà níta, kí ẹ wọn ihò 85 àti 86. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ọ̀kan yóò ní fóòtì 12, kọ̀ǹpútà yóò sì so èkejì mọ́ ẹ́ẹ̀tì (irin ara ọkọ̀ tí iná ń gbà padà sí bátìrì) nígbà tí ó bá fẹ́ kí AC gbà. Bí ẹ̀gbẹ́ ẹ́ẹ̀tì kò bá dé, ẹ má tíì fura sí kọ̀ǹpútà. Gáàsì ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí síwíìṣì gáàsì kì í jẹ́ kí AC gbà bí gáàsì bá ti jò tán. Ní ọjọ́ tí ooru tó 30 ìwọ̀n Celsius, tí ẹ́ńjìnnì sì ti sinmi, géèjì tí a so mọ́ ọkọ̀ onígáàsì R134a yóò fi nǹkan bí 95 psi hàn. Nọ́ńbà yẹn kò sọ pé gáàsì kún, ó kàn sọ pé ó wà. Bí ó bá wà lábẹ́ 30, wáyà yín kò ṣẹ̀, páìpù ń jò. Bí gáàsì bá wà, ẹ wo sọ́kẹ́ẹ̀tì síwíìṣì gáàsì fúnra rẹ̀, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Oníwáyà méjì ni a lè so ojú rẹ̀ pọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ láti dán an wò. Oníwáyà mẹ́ta, sẹ́ńsọ̀ ni, ẹ má ṣe so tirẹ̀ pọ̀ láé.

Wáyà tí mítà ń sọ pé ó yè, tí kò sì yè

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ra kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ tí wọn kò nílò, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n dúró lórí rẹ̀.

Ní oṣù Ẹrẹ̀nà kan, ẹ̀gbọ́n kan ní àdúgbò wa gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá. Ó ti rọ gáàsì lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì ti sọ fún un pé kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ni yóò rà. Mo yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ìdí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, mo gbé mítà sí i, ó fi fóòtì 12.4 hàn. Ẹ̀gbọ́n ní, “Ṣé o rí i, iná wà. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ló kú.” Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká gbé gílóòbù sí i ná.” Mo so gílóòbù iná iwájú mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì náà. Kò tàn. Okùn inú rẹ̀ kàn pọ́n díẹ̀ bí ẹnu sìgá lókùnkùn, nọ́ńbà mítà sì já wálẹ̀ sí 2 àti díẹ̀. Mo wá ń fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá tẹ wáyà náà díẹ̀díẹ̀ láti ìdí sọ́kẹ́ẹ̀tì lọ sókè. Kò tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan tí mo fi dé ibi tí ó ti rọ̀ jù, bí ìgbà tí eegun ti kán lábẹ́ awọ. Rọ́bà rẹ̀ kò lá, kò sì bó. Nígbà tí mo fi abẹ là á, eruku aláwọ̀ ewé ni ó dà sí mi lọ́wọ́, okùn bàbà kan ṣoṣo tí ó ti dúdú ni ó sì kù. Ẹnì kan ti de táì oníke mọ́ ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó fún un jù, gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì sì ti kán okùn yòókù níkọ̀ọ̀kan.

Ohun tí ó fa ìtànjẹ yìí ni pé mítà fúnra rẹ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ mu iná rárá. Okùn kan ṣoṣo tó láti fi fóòtì 12 hàn án. Kọ́ìlì ń mu áńpù 3 tàbí 4, okùn tí ó ti jẹrà kò sì lè gbé ìyẹn. Gílóòbù 55W ń mu iná tí ó lé díẹ̀ ní áńpù 4, ìyẹn ni ó fi jẹ́ adájọ́ òdodo níbí. Nítorí náà:

- Bí gílóòbù bá tàn yòò ní sọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ nígbà tí ẹ so 30 mọ́ 87, wáyà yè, kọ́ìlì ni kí ẹ fura sí.
- Bí ó bá pọ́n lásán tàbí kò tàn, ẹ mú ẹ̀gbẹ́ ẹ́ẹ̀tì gílóòbù lọ sórí nẹ́gétíìfù bátìrì tààrà. Bí ó bá wá tàn yòò, ẹ́ẹ̀tì ni ó bàjẹ́. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti fi bóòtù de wáyà ẹ́ẹ̀tì mọ́ ara ọkọ̀, ẹ tú u, ẹ fi sándípépà ha ìdógùn-ún kúrò títí irin yóò fi dán, kí ẹ sì dè é padà le.
- Bí kò bá sì tàn síbẹ̀, wáyà láti rílè sí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ni ó ń jẹ iná. Ẹ tọ̀ ọ́ pẹ̀lú ìka.

Ibi tí mo máa ń kọ́kọ́ wò ni ibi tí wáyà ti tẹ̀, ibi tí ó ti kọjá nítòsí páìpù èéfín, ibi tí ó ti ń ha irin, àti ìdí sọ́kẹ́ẹ̀tì tí omi ojú títì ń ta sí lákòókò òjò. Bí ọkọ̀ bá ti dúró pẹ́ nínú ọgbà, ẹ wá eyín eku pẹ̀lú.

Ẹ má ṣe gbé gílóòbù yìí sí wáyà tín-ín-rín tí ó lọ sí kọ̀ǹpútà tàbí sẹ́ńsọ̀. Iná tí ó ń mu pọ̀ ju ohun tí kọ̀ǹpútà lè gbà lọ. Mítà nìkan ni ó tọ́ fún irú wọn.

Bí ẹ ó ṣe so wáyà náà

1. Ẹ tú orí bátìrì nẹ́gétíìfù.
2. Ẹ gé apá tí ó bàjẹ́ kúrò, kí ẹ máa gé lọ títí ẹ ó fi kan bàbà tí ó ń dán. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni dúdú náà máa ń wọnú rọ́bà lọ ju bí ẹ ti rò lọ. Lẹ́ẹ̀dì kì í mọ́ bàbà dúdú.
3. Ẹ gé wáyà tuntun tí ó gùn tó láti bo àlàfo náà, kí ó má baà fà le. Ẹ fi rọ́bà tí ń fún sí wáyà kí ẹ tó so ó. Gbogbo wa ni a ti gbàgbé èyí rí.
4. Ẹ lọ́ okùn méjèèjì pọ̀ mọ́ ara wọn, kí ẹ yá bàbà fúnra rẹ̀ gbóná, kí lẹ́ẹ̀dì sì yọ́ sórí bàbà. Bí ó bá jẹ́ lẹ́ẹ̀dì ni ẹ yọ́ lé orí bàbà tútù, yóò wà lókè bí omi lójú ewé kókò, yóò sì bó.
5. Ẹ fa rọ́bà bo ojú ìsopọ̀, kí ẹ fi iná ìsáná tàbí ti láítà yá a lókèèrè títí yóò fi fún mọ́ ọn. Bí ó bá jẹ́ wáyà méjì ni ẹ so, ẹ má jẹ́ kí ojú ìsopọ̀ méjèèjì dọ́gba ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn.
6. Ẹ dá wáyà padà sí ọ̀nà tí ó gbà tẹ́lẹ̀, kí ó jìnnà sí bẹ́líìtì, fáànù àti páìpù èéfín. Ẹ de táì oníke mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kí ó dẹ̀ díẹ̀. Ẹ rántí ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n.

Bí fáànù inú ọkọ̀ bá ń fẹ́ ní ìpele tí ó ga jù nìkan

Èyí kò kan kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀. Rẹsítọ̀ fáànù ni ó jó. Òun ni ó ń dín iná kù ní àwọn ìpele ìsàlẹ̀, ìpele tí ó ga jù kì í sì í gba inú rẹ̀ kọjá. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ó wà lẹ́yìn píjìn-hóòlù, nítòsí fáànù, skúrù méjì ni ó sì sábà máa ń dì í mú. Ẹ yọ ọ́, ẹ fi tuntun síbẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ tó pa á dé, ẹ wo sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dáadáa. Bí ike rẹ̀ bá ti yọ́ tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti dúdú, ẹ pààrọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì náà pẹ̀lú wáyà 4 mm², bí bẹ́ẹ̀ kọ́, rẹsítọ̀ tuntun náà kò ní pẹ́. Ẹ wo fílítà AC náà. Ẹ fi ọwọ́ yí fáànù: bí ó bá le tàbí tí ó ń ké, iná tí ó ń mu ti pọ̀ jù, òun gan-an ni ó jó rẹsítọ̀.

Bí AC bá ń tutù nígbà tí ẹ ń sáré ní títì márosẹ̀, tí ó sì ń gbóná nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, ẹ wo fáànù tí ó wà níwájú rédíétọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ó yẹ kí ó yí láìpẹ́ tí ẹ bá tan AC. Fíúsì rẹ̀, rílè rẹ̀ àti sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ni ẹ ó yẹ̀ wò, ní ọ̀nà kan náà tí mo fi ti kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ hàn yín.

Àwọn àṣìṣe tí mo ń rí jù

Èyí tí ó burú jù ni pé kí wọ́n fa wáyà láti orí bátìrì lọ sí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ tààrà, kí wọ́n fi síwíìṣì kan sí ẹ̀gbẹ́ síárìn-ín, kí wọ́n ní AC ti gbà. Lóòótọ́, yóò tutù lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n síwíìṣì gáàsì kò ní àṣẹ lórí rẹ̀ mọ́. Ọjọ́ tí gáàsì bá jò, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ yóò máa yí láìsí òróró títí yóò fi há, irin wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ yóò sì kún gbogbo páìpù. Bí wọ́n bá ti ṣe báyìí sí ọkọ̀ yín tẹ́lẹ̀, ẹ jẹ́ kí rewáyà tí ó mọṣẹ́ dá a padà sí bí ó ti wà.

Òmíràn ni kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún rọ́bà wáyà láti wọn ọ́. Ihò yẹn ni omi ń gbà wọlé. Ẹ̀yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì ni ẹ ó ti máa wọn wáyà. Kí wọ́n sì lọ́ wáyà pọ̀ lásán kí wọ́n fi tépù dì í nítòsí ẹ́ńjìnnì, ooru yóò yọ́ gọ́ọ̀mù tépù náà kó tó pẹ́.

Bí ẹ kò bá ní mítà, àti ìgbà tí ó yẹ kí ẹ dúró

Gílóòbù 55W àti wáyà ìdánwò onífíúsì tó fún ìgbésẹ̀ kẹta sí ìkarùn-ún àti fún ẹ́ẹ̀tì. Ohun tí ẹ kò lè ṣe láìsí mítà ni wíwọn bátìrì, wíwọn kọ́ìlì àti ìgbésẹ̀ keje.

Ẹ gbé ọkọ̀ lọ bá rewáyà bí fíúsì bá ń jó tí sọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ sì wà níta, nítorí ibi tí wáyà ti ń kan irin lè fara sin lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Bí gáàsì àti sọ́kẹ́ẹ̀tì bá yè tí kọ̀ǹpútà kò sì pàṣẹ. Tàbí bí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ yín bá jẹ́ irú tí kò ní kílọ́ọ̀ṣì, tí àwo iwájú rẹ̀ ń bá púlì yí nígbà gbogbo. Ẹ kọ àwọn nọ́ńbà tí ẹ ti wọn sórí bébà kí ẹ mú un dání. Rewáyà tí ó mọṣẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹ dé, ẹ kò sì ní sanwó ìdánwò lẹ́ẹ̀mejì.

Kí ẹ tó pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé

- Fíúsì tí ó wà níbẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ ha bá èyí tí ó wà lẹ́yìn ọmọrí mu?
- Ṣé ẹ ti dá rílè họ́ọ̀nù padà sí ipò rẹ̀?
- Ṣé ẹ ti yọ wáyà ìdánwò kúrò nínú ihò rílè?
- Ṣé ẹ ti de orí bátìrì le, pósítíìfù ṣáájú, nẹ́gétíìfù kẹ́yìn?
- Tí AC bá ń ṣiṣẹ́, iye fóòtì tí ẹ wọn lẹ́yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ kò gbọ́dọ̀ fi ju ìdajì fóòtì kan dín sí ti orí bátìrì.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tí ẹ ti ń wa ọkọ̀, ẹ tún ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ jẹ́ kí AC ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ fọwọ́ kan ojú ìsopọ̀ yẹn àti wáyà tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ojú ìsopọ̀ bá gbóná ju wáyà lọ, ẹ gé e, kí ẹ tún un so.